Àgbẹ̀ Òkè Odò àti Àgbẹ̀ Ìsàlẹ̀ Odò

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níbi ayẹyẹ àyájọ́ ọjọ́ ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

   

Ìgbìmọ̀ ní ká sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ìpinnu tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣe lóko. A mọ̀ pé àwọn kan ti ń wo ara wọn lójú: kí ló kan aláta kan kọ̀ǹpútà? Ẹ fara balẹ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ tó ti ń fa àríyànjiyàn láàárín wa láti ọjọ́ yìí, ìyẹn ọ̀rọ̀ ta ni kó kọ́kọ́ yáwó, ta ni kó dúró, inú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí ló wà. A máa dìbò lé e lórí ní ìpàdé gbogbogbò. Ẹ jẹ́ ká rìn yí i ká díẹ̀ kí ìbò náà tó dé.

Ohun tí wọ́n ń pè ní àfarawé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí gàrí, torí kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ gàrí ò yé láàárín wa. Bí gàrí bá wọ́n lọ́dún yìí, gbogbo àgbẹ̀ á sáré lọ gbin ẹ̀gẹ́. Ẹnì kan ò ní bi ẹnì kejì léèrè. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ẹ̀fọ́. Ó tó oṣù mẹ́sàn-án, ó sì lè ju ọdún kan lọ, kó tó ṣeé wà. Nígbà tó bá wá tó wà, ti gbogbo wọn ló máa jáde pọ̀. Ọjà á kún, owó á já. Àgbẹ̀ mìíràn á tiẹ̀ fi tirẹ̀ sílẹ̀ sínú ilẹ̀, torí owó alágbàṣe tó máa bá a wà á ti fẹ́ ju iye tó máa tà á lọ. Inú á bí i, á ní òun ò gbin ẹ̀gẹ́ mọ́. Gbogbo wọn á sì sọ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Kò ní pẹ́ tí gàrí á tún fi wọ́n.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti rí irú èyí tipẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, lórí ọ̀dùnkún àti lórí ẹlẹ́dẹ̀ sísìn. Ọ̀kan nínú wọn, Nicholas Kaldor, fún un lórúkọ ní 1934: ó fi wé òwú aláǹtakùn, torí pé bí wọ́n bá ya bí owó ọjà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ìwé, á rí roboto bí ilé aláǹtakùn.

Ẹ kíyè sí i o: kò sí òmùgọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ yìí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu fún ara rẹ̀. Nígbà tí a wá kó ọgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan jọ sójú kan, ó di àdánù fún gbogbo wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni kọ̀ǹpútà ti wúlò.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ẹ fojú inú wo ọpọ́n ayò. Ọpọ́n tiwa ní ihò méjìlá. Ká ní ọpọ́n kan wà tó ní ihò tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, tí ihò kọ̀ọ̀kan dúró fún oko kan. Ẹ kọ sára ihò kọ̀ọ̀kan bí oko náà ti tóbi tó, ibi tí omi rẹ̀ ti ń wá, ohun tó gbìn àti oṣù tó gbìn ín. Lẹ́yìn náà, ẹ fún gbogbo wọn ní òfin: bí òjò bá rọ̀ tó báyìí, omi tó máa kàn ọ́ nìyí, bí aládùúgbò rẹ bá kórè jù ọ́ lọ, ṣe bíi tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ wá jẹ́ kí ọdún máa yí. Ọwọ́ èèyàn ò lè ta irú ayò bẹ́ẹ̀ tán. Kọ̀ǹpútà á ta ti ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹ tó mu omi inú ife tán.

Ohun tí wọ́n ń pè ní àfarawé nìyẹn. Kì í ṣe aríran, kì í sì í dá ifá. Ohun tó ń sọ kò ju pé: bó bá jẹ́ pé báyìí ni àwọn àgbẹ̀ ń ronú, bó bá sì jẹ́ pé báyìí ni omi ń ṣàn, ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ nìyí.

Àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ní Bali

Ìtàn tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yéni jù lọ wá láti Bali, erékùṣù kan lórílẹ̀-èdè Indonesia. Ilẹ̀ olókè ni. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, wọ́n sì gé ara òkè bí àtẹ̀gùn, kí omi lè dúró lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbẹ́ ojú ipa fún omi odò, ó ń gba oko tó wà lókè lọ sí èyí tó wà nísàlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń pín omi ojú ipa kan náà ló ń para pọ̀ di ẹgbẹ́. Subak ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Bíi tiwa náà ló rí: wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń yan olórí, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá rú òfin omi. Ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún tí irú ẹgbẹ́ yìí ti wà.

Lókè àwọn subak yìí ni àwọn tẹ́ńpìlì omi wà. Èyí tó ga jù nínú wọn jẹ́ ti adágún Batur, níbi tí wọ́n ti ń bọ Dewi Danu, òrìṣà obìnrin tó ni adágún náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun Òṣogbo, èyí ò ní ṣòro fún yín. Ṣùgbọ́n ìsìn nìkan kọ́ ni wọ́n ń ṣe ní àwọn tẹ́ńpìlì náà. Ibẹ̀ ni àwọn aṣojú subak ti ń pàdé, tí wọ́n sì ń fẹnu kò: ẹ̀yin agbègbè yìí, ẹ gbìn lóṣù yìí; ẹ̀yin agbègbè tọ̀hún, ẹ dúró díẹ̀ kí omi lè kárí. Bí agbègbè kan bá sì kórè, gbogbo wọn á kórè pọ̀, wọ́n á fi ilẹ̀ sinmi lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó yá, irúgbìn tuntun dé. Ilé ìwádìí ìrẹsì tó wà ní Philippines mú èyí tí wọ́n pè ní IR8 jáde ní 1966, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn irúgbìn yìí ń yára gbó, wọ́n sì ń so ju ti àtijọ́ lọ bí wọ́n bá rí ajílẹ̀. Ìjọba Indonesia fẹ́ kí ìrẹsì tó orílẹ̀-èdè náà jẹ, èyí kì í ṣe èrò burúkú. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ Bali ní irúgbìn, ẹ̀yáwó, ajílẹ̀ àti oògùn apakòkòrò, wọ́n sì ní kí kálukú máa gbìn léraléra bí agbára rẹ̀ bá ṣe tó. Bí ètò tí wọ́n ń ṣe ní tẹ́ńpìlì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká nìyẹn.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìkórè pọ̀, inú gbogbo èèyàn dùn. Kò pẹ́ tí ìròyìn burúkú fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti oko. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1970, ètò omi ti dàrú, kòkòrò àti eku sì ti gbilẹ̀. Èyí tó le jù nínú wọn ni kòkòrò kékeré kan aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń fa omi ara ìrẹsì mu títí ìrẹsì náà á fi gbẹ bí ẹni tí iná jó.

Kí ló fà á? Oúnjẹ kòkòrò ni kò tán mọ́. Láyé ìjọsí, bí gbogbo agbègbè bá kórè pọ̀, tí wọ́n sì da omi bo ilẹ̀, kòkòrò ò ní ohun tó máa jẹ, ebi á pa á kú. Ní báyìí, bí oko Lágbájá bá tán, ti Tàmẹ̀dò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Kòkòrò kàn ń ṣí láti oko dé oko bí ẹni tó ń jẹ ìnáwó láti àdúgbò dé àdúgbò. Wọ́n fọ́n oògùn títí ó sú wọn; oògùn náà sì ń pa aláǹtakùn tí ì bá bá wọn jẹ àwọn kòkòrò náà. Ní 1986, ìjọba Indonesia fúnra rẹ̀ fòfin de oríṣi oògùn 57 lóko ìrẹsì.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ti gbọ́ òwe rẹ̀ látẹnu àwọn tó bí wa: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní Bali, òwe yìí di òótọ́ gidi, kòkòrò náà sì di kòkòrò gidi.

Oko inú kọ̀ǹpútà

Ọ̀mọ̀wé kan, ará Amẹ́ríkà, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà àwọn èèyàn, ti ń bá àwọn àgbẹ̀ yìí gbé nígbà náà. J. Stephen Lansing lorúkọ rẹ̀. Ó ń sọ fún àwọn aláṣẹ pé iṣẹ́ gidi ni tẹ́ńpìlì omi ń ṣe lóko, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lásán. Àwọn ẹnjiníà ò gbà á gbọ́. Lójú tiwọn, ẹ̀sìn ni ẹ̀sìn, omi ni omi. Bó bá jẹ́ ẹnu nìkan ló fẹ́ fi jà, ìjà náà ò bá má tán láéláé. Ló bá lọ bá James Kremer, ọ̀mọ̀wé tó mọ̀ nípa ẹ̀dá inú òkun, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò irú nǹkan báyìí. Àwọn méjèèjì mú odò méjì ní Bali, Oos àti Petanu, wọ́n sì kó gbogbo subak tó wà létí wọn, 172, sínú kọ̀ǹpútà.

Wọ́n fi bí òjò ṣe ń rọ̀ sí i. Wọ́n fi bí odò ṣe ń kún tó sì ń fà sí i. Wọ́n fi bí ilẹ̀ subak kọ̀ọ̀kan ti tó, ta ló ń gba omi lẹ́yìn ta, oṣù mélòó ni irú ìrẹsì kọ̀ọ̀kan ń lò kó tó gbó, bí kòkòrò ṣe ń bí sí i àti bó ṣe ń ṣí lọ sí oko tó múlé tì í. Wọ́n fi ìkórè tí kọ̀ǹpútà bù lé e wé ìkórè tó wáyé lóko gan-an, wọ́n sì rí i pé àwọn méjèèjì súnmọ́ra.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi kọ̀ǹpútà léèrè. Bí subak kọ̀ọ̀kan bá ń dá gbìn nígbà tó wù ú ńkọ́? Kòkòrò jẹ oko. Bí gbogbo 172 bá gbìn lọ́jọ́ kan náà ńkọ́? Kòkòrò kú, ṣùgbọ́n omi ò kárí, torí gbogbo wọn nawọ́ sí odò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àwọn subak tó múlé tira bá wá para pọ̀, tí agbègbè kan gbìn lóṣù yìí, tí èkejì tẹ̀ lé e ńkọ́? Omi kárí, kòkòrò ò rí oúnjẹ jẹ, ìkórè sì ga jù gbogbo ọ̀nà yòókù lọ. Ẹ mọ ibi tí ọ̀nà kẹta yìí wà? Ó wà níbi tí àwọn tẹ́ńpìlì omi ti pín oko sí tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀.

Èyí tó ya èèyàn lẹ́nu jù ló kù. Wọ́n pa gbogbo ètò rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Kò sí tẹ́ńpìlì, kò sí àwòrò, kò sí olórí. Wọ́n kàn da ìgbà ìgbìn subak kọ̀ọ̀kan rú bí ẹní da ayò rú. Òfin kan péré ni wọ́n fún wọn: bí ọdún bá parí, wo àwọn tó yí ọ ká; ẹni tó bá kórè jù nínú wọn, ṣe bíi tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún mẹ́wàá nínú kọ̀ǹpútà, àwọn subak ti kó ara wọn jọ ní agbègbè-agbègbè, ìkórè ti gòkè, ètò tó sì jáde jọ ti tẹ́ńpìlì omi. Ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ fún wọn. Wíwo ara wọn ló kọ́ wọn. Lansing àti Kremer gbé iṣẹ́ náà jáde ní 1993.

Ní 2017, Lansing àti àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn fi àwòrán tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run wo àwọn oko àtẹ̀gùn yìí: ibi tí ìrẹsì ti tutù, ibi tó ti pọ́n, ibi tí omi bò, ibi tó ń sinmi. Bí àwọn àwọ̀ yìí ṣe pín ara wọn lórí ilẹ̀ bá ohun tí kọ̀ǹpútà bù mu. Ṣáájú ìgbà náà, Báńkì Ìdàgbàsókè Ilẹ̀ Éṣíà, tó ti yá wọn lówó fún iṣẹ́ omi ní Bali, ti kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀ pé àìmọyì ètò àtijọ́ náni ní ohun tó pọ̀. Ní 2012 ni UNESCO kọ orúkọ oko àwọn subak mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ní 2005.

Kí ló dé tí ará òkè odò ń dúró?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìbéèrè kan ṣẹ́kù, òun gan-an sì ni ìdí tí a fi dìde sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹni tí oko rẹ̀ wà lókè odò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni omi ti ń kọ́kọ́ dé. Kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló dé tó ń dúró de ẹni ìsàlẹ̀? Ṣé àánú lásán ni?

Lansing àti ọ̀mọ̀wé mìíràn, John Miller, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Wọ́n bi àwọn àgbẹ̀ léèrè pé èwo ló burú jù lójú yín, kòkòrò ni àbí ọ̀dá omi? Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ń sọ pé omi ni. Àwọn ará òkè odò ń sọ pé kòkòrò ni. Ẹni òkè ní omi, kò bẹ̀rù ọ̀dá. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó bá bí sí oko ẹni ìsàlẹ̀ kì í bèèrè ọ̀nà kó tó gòkè wá. Bí ẹni òkè bá gba gbogbo omi, ẹni ìsàlẹ̀ ò ní lè gbìn pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá gbìn pẹ̀lú rẹ̀, ìgbà ìkórè wọn á yàtọ̀. Bí ìkórè bá yàtọ̀, kòkòrò ti rí ibùgbé.

Torí náà, ẹni òkè ń yọ̀ǹda omi kó lè bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò. Ẹni ìsàlẹ̀ ń gbìn lásìkò tí wọ́n bá fún un kó lè rí omi. Kálukú ní ohun tí ẹnì kejì ń fẹ́. Ìṣirò wọn tiẹ̀ fi hàn pé bí kò bá sí kòkòrò rárá, ẹni òkè ò ní ní ìdí kankan láti dúró. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù. Ní Bali, ẹni tó da omi sísàlẹ̀ náà ń tẹlẹ̀ tútù.

Ọ̀rọ̀ tiwa

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Gbogbo wa la mọ bí àpò ẹgbẹ́ wa ṣe máa ń rí. Láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kejìlá, gbogbo ìsọ̀ ló ń bèèrè ẹ̀yáwó lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ọjà ọdún. Àpò á gbẹ, ìjà á dé. Bí oṣù kejì bá wọlé, owó á jókòó, kò sí ẹni tó ń bèèrè.

Àbá méjì ló wà nílẹ̀. Àwọn kan ní kí ẹni tí owó àjẹṣẹ́kù rẹ̀ bá pọ̀ jù máa kọ́kọ́ yá, kí àwọn tó kù dúró de ohun tó bá ṣẹ́kù. Wọ́n tiẹ̀ ní bí ẹgbẹ́ ò bá gbà, àwọn á kó owó wọn jáde. Àwọn mìíràn ní kí ẹnikẹ́ni máa yá nígbà tó bá wù ú, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé máa kọ́kọ́ gbà. A ò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wọn, torí ohun tó tọ́ lójú kálukú ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́: ọgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan lè di àdánù gbogbo wa.

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ní owó púpọ̀ nínú ẹgbẹ́, ẹ̀yin lẹ wà lókè odò. A bu ọlá fún yín. Àwa kan fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa wo ibi tí kòkòrò ti ń gòkè wá. Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń ṣe onídùúró fún àwọn tí owó wọn kéré. Ẹlòmíràn nínú yín fọwọ́ síwèé fún èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹni ìsàlẹ̀ ò bá rí owó ra ọjà lásìkò, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba èlé gọbọi lóde ló máa lọ. Owó tó bá pa, èlé ni yóò fi san. Ti ẹgbẹ́ á wá dúró. Ta ni ẹgbẹ́ máa mú? Onídùúró ni. Nínú owó àjẹṣẹ́kù yín la ti máa yọ ọ́. Kòkòrò ti gun òkè nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìsàlẹ̀ odò, tiyín náà wà ńbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ̀ǹda omi fún yín, ẹ̀yin náà ẹ pa kòkòrò. Ẹ san owó lọ́jọ́ tó pé. Ẹni tó bá gba ẹ̀yáwó tó wá sọ ọ̀la di ọ̀tunla, òun ló ń tọ́ kòkòrò tó máa jẹ oko onídùúró rẹ̀. Kò sí ẹni òkè tó máa tún dúró de irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Àbá tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé kalẹ̀ nìyí: ká má ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká má sì ṣe é ní gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká pín in ní ìsọ̀-ìsọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọjà ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọlé. Ìsọ̀ elépo: láti oṣù kejì, nígbà tí epo bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ tó sì dínwó, kí wọ́n lè rà á pamọ́. Àwọn tó ń ta ìwé àti àpò ilé ìwé: oṣù keje, kí ọmọ tó wọlé lóṣù kẹsàn-án. Ìsọ̀ ẹlẹ́wà àti ti alágbàdo: oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá, nígbà tí ìkórè òkè Ọya bá ń jáde. Aláṣọ àti oníbàtà: kí ọdún tó dé, yálà Iléyá tàbí Kérésì. Aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́: owó kékeré tí wọ́n máa dá padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbàkigbà láàárín ọdún, torí ọjà wọn kì í dúró. Àwọn tó wà ní ìsọ̀ kan náà á sì para pọ̀ ra ọjà. Ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí èèyàn mẹ́wàá láti ọjà kan bá dé oko kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: àwa fúnra wa là ń gbé owó lé ara wa lórí. Mọ́tò kan tó kún sàn ju mẹ́wàá tó ń sáré bára wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé oko ìrẹsì ò jọ ìsọ̀, pé kọ̀ǹpútà ò mọ ọjà wa. Òótọ́ ni. Oko inú kọ̀ǹpútà ò mọ̀ nípa òkú tó kú lójijì, tàbí ọmọ tí wọ́n lé nílé ìwé nítorí owó. Kò mọ ìjà àwọn ìyàwó ilé. Ohun kan sì tún wà tó yẹ ká sọ: nínú kọ̀ǹpútà, subak ò lè purọ́ iye tó kórè. Gbogbo wọn ń rí ìkórè ara wọn kedere, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè kọ́gbọ́n lára ara wọn. Àwa ọlọ́jà, a máa ń bo èrè mọ́ra, a sì máa ń bo gbèsè mọ́ra ju èrè lọ. Bí a ò bá ṣí ìwé sílẹ̀ fún ara wa, òfin wo-aládùúgbò-rẹ yìí ò ní ṣiṣẹ́ láàárín wa. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ń fi í sínú àbá yìí pé ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, akápò á máa ka iye tí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan yá, iye tó san padà àti iye tó kù nílẹ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Orúkọ ìsọ̀ ni wọ́n máa kà, kì í ṣe orúkọ èèyàn.

A ò ní kí ẹ gbà á títí ayé. Ọdún kan péré là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí ọdún náà bá yí po, ká gbé ìwé kalẹ̀, ká wo ìsọ̀ tó jèrè jù, ká wo ìsọ̀ tí gbèsè rẹ̀ pọ̀ jù, ká sì tún un ṣe. Bí àwọn àgbẹ̀ Bali ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọdún gbọọrọ. Bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó owó yín jáde bá lè bá wa dúró fún ọdún kan yìí, ìwé á sọ èyí tó tọ̀nà láàárín wa, kò ní di ọ̀rọ̀ ariwo.

Ìbò wà lọ́wọ́ yín. Bẹ́ ẹ bá ti ń nawọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ bi ara yín: níbo ni mo wà létí odò yìí? Ta ló wà lókè mi, ta ló wà nísàlẹ̀ mi?

  Àpò ẹgbẹ́ wa ò ní gbẹ. Òwò á jèrè, ọmọ á yàn, ara á le. A ó ṣe èyí tó ń bọ̀ lójú ẹ̀mí wa o. Àṣẹ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, ní orúkọ Ìgbìmọ̀ Amójútó